Ẹ̀rọ Tí A Ti Tà, Tí Ẹni Tó Rà Á Kò Wá Gbé

  Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé agbada gàrí kúrò lórí iná, ẹ rọra jókòó, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn yín sinmi díẹ̀. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ mú bírò àti ìwé sún mọ́ tòsí, torí tó bá yá, mo máa ka nǹkan kan tí mo fẹ́ kó kọ sílẹ̀.

Ọgbà wẹ́dà kan wà lẹ́bàá títì tó jáde láti Pobè, tí mo máa ń gbà kọjá tí mo bá ń bọ̀ níbi iṣẹ́. Bàbá tó ni ín ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ń ṣe ẹ̀rọ ìfún epo, ó ń ṣe ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́, ó ń ṣe ìlẹ̀kùn àti fèrèsé. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ̀rọ ìfún epo kan wà níbẹ̀ tí koríko ti ń gùn. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Lọ́jọ́ kan ní 2020, mo bi í, mo ní, “Bàbá, ṣé èyí ò ṣeé tún ṣe mọ́ ni?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi, kò bàjẹ́ o. Wọ́n ti rà á.”

Wọ́n ti rà á, koríko wá ń hù lórí ẹ̀! Mo jókòó tì í, ó sì ro ó fún mi.

Ó ní oṣù Keje 2019 ni ọkùnrin kan wá láti òdìkejì ibodè, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó fẹ́ ẹ̀rọ ìfún epo pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Wọ́n dúnàá-dúrà títí, wọ́n fi í sí 650.000 sẹ́fà. Ọkùnrin náà ka 400.000 sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní ìyókù ń bọ̀ lọ́jọ́ tí òun bá wá gbé e. Bàbá bi í pé ìgbà wo nìyẹn. Ó ní, “Bàbá, kò ní pẹ́.” Àdéhùn tán nìyẹn. Ìwé kò sí, ẹlẹ́rìí kò sí. Nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀.

Ẹ ò ní gbàgbé ohun tó tẹ̀ lé e. Oṣù Kẹjọ 2019 ni Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ mọ́ ọjà. Àwa tí a wà níhìn-ín mọ bí ó ti rí, ẹni tó ní tòmátì mọ̀, ẹni tó ń ta ìrẹsì mọ̀. Oṣù Kejìlá 2020 ni ìjọba wọn tó kéde pé kí wọ́n ṣí díẹ̀ nínú rẹ̀, Sèmè wà lára wọn. Ìdíròkó tó kọjú sí Ìgolo tiwa, ó di oṣù Kẹrin 2022 kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀ pé kí wọ́n ṣí i. Láàrin ìgbà yẹn, àìsàn kòrónà tún wọlé. Ẹ̀rọ wà lábẹ́ máńgòrò. Nọ́ńbà fóònù kò lọ mọ́.

Ní 2021, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kan nílé bàbá wọlé dé. Ẹnìkan wá béèrè ẹ́ńjìnnì. Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tú ẹ́ńjìnnì tó wà lára ẹ̀rọ ẹni ẹlẹ́ni, ó tà á. Ó ní lọ́kàn òun, ẹni tí kò yọjú fún ọdún méjì, ó ti gbàgbé.

Kò gbàgbé o. Ní 2022, ọkùnrin náà dé pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ méjì àti mọ́tò akẹ́rù. Ó ka 250.000 tó kù sọ́wọ́, ó ní òun wá gbé ẹ̀rọ òun. Èyí tí wọ́n bá níbẹ̀ jẹ́ irin lásán, tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Ariwo sọ. Wọ́n dé iwájú olórí abúlé, àwọn àgbà jókòó lé e fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, bàbá gbà láti dá 400.000 padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Owó gàrí ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fi san èyí àkọ́kọ́. Màmá náà kò tíì dáríjì í tán títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń darí ẹgbẹ́, ẹ pa rédíò sílẹ̀ ná bí ẹ bá ń gbọ́ ọ láti orí fóònù, kí ẹ bi ara yín: ta ló jẹ̀bi? Ẹni tí kò wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ni, àbí ẹni tó ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́? Mo ti bi ẹgbẹ́ méjì ní ìbéèrè yìí. Àwọn ọkùnrin ní olùrà ló jẹ̀bi. Àwọn obìnrin ní wẹ́dà ni. Mi ò mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, àfi tó bá jẹ́ pé obìnrin ló sábà máa ń san àsansílẹ̀ fún nǹkan.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin sọ.

Ìwé òfin tí à ń lò ní Bẹ̀nẹ̀ lórí títà àti rírà láàrin ara ìlú sí ara ìlú, Code civil ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Faransé ló gbé e jáde ní 1804, àwọn amúnisìn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì tíì kúrò nídìí ọ̀rọ̀ àdéhùn. Ó ti darúgbó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ka ohun tó sọ nípa ọjà tí wọn ò wá gbé, ẹ máa rò pé ẹni tó kọ ọ́ ti jókòó lábẹ́ máńgòrò bàbá wẹ́dà rí.

Ó ní, lójú olùtà àti olùrà, bí ẹ bá ti fẹnu kò lórí ohun tí ẹ ń tà àti iye owó rẹ̀, títà ti ṣẹlẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun náà ṣì wà lọ́wọ́ yín, tí owó kò sì tíì pé, títà ti ṣẹlẹ̀. Abala 1583 nìyẹn. Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀rọ tó wà nínú ọgbà yín ti di ẹ̀rọ ẹlòmíràn tí ẹ ń bá a ṣọ́. Ibẹ̀ gan-an ni bàbá wa ti ṣì í.

Ó tún sọ pé ẹni tó tà gbọ́dọ̀ tọ́jú ohun náà dáadáa títí ẹni tó rà á yóò fi gbà á. Ṣùgbọ́n kò di gbogbo ẹrù lé olùtà lórí. Abala 1608 ní ìnáwó gbígbé e kúrò, ọrùn olùrà ló wà, àfi tí ẹ bá jọ sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Mọ́tò akẹ́rù, alágbàárù tó máa gbé e sókè, tirẹ̀ ni. Abala 1612 sì ní bí owó kò bá tíì pé, tí ẹ kò sì fún un ní àkókò láti san án, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti má jẹ̀ẹ́ kó gbé e lọ. Ìyẹn yé gbogbo wa, a ò nílò òyìnbó kó tó sọ ọ́.

Ẹ wá tẹ́tí sí èyí, torí òun gan-an ni mo fi ní kí ẹ jókòó. Abala 1657. Ó ní, lórí ohun tó ṣeé gbé kúrò níbi kan dé ibòmíràn, bí ọjọ́ tí ẹ jọ dá fún gbígbé e bá ti kọjá tí olùrà kò wá, títà náà tú fúnra rẹ̀, bí olùtà bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́. Ó tú! Ẹ̀rọ padà di ti olùtà. Ó lè tà á fún ẹlòmíràn, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tí kókó wà. “Ọjọ́ tí ẹ jọ dá.” Tí kò bá sí ọjọ́, kò sí ohun tó lè kọjá. “Kò ní pẹ́” kì í ṣe ọjọ́. “Tí mo bá ti ta kókó tán” kì í ṣe ọjọ́. “Lẹ́yìn ọdún iléyá” sún mọ́ ọ díẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe ọjọ́. Ká ní bàbá wa ti kọ “30 oṣù Kẹsàn-án 2019” sórí bébà kékeré kan, tí àwọn méjèèjì tẹ̀ka sí i, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀ pátápátá níwájú àwọn àgbà.

N kò ní parọ́ fún yín, kì bá má dùn tán náà. Ọkùnrin yẹn ì bá sọ pé, “Ibodè ni wọ́n tì, kì í ṣe ẹ̀bi mi.” Òfin mọ ohun tó ju agbára ènìyàn lọ, adájọ́ sì lè wo ìyẹn mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ìjọba tó ti ibodè kò ti fóònù. Ẹni tí ọ̀nà dí mọ́, ó ṣì lè pè, ó ṣì lè rán ẹni tó mọ ọ̀nà. Ọdún mẹ́ta láìsọ gbólóhùn kan, adájọ́ máa bi í léèrè ìyẹn náà.

Owó tí ó ti san ńkọ́? Èyí ló ń fa ìjà jù. Ọ̀pọ̀ wa rò pé tí olùrà kò bá wá, owó tó kọ́kọ́ san ti di èrè wa. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé apá kan nínú owó ọjà ló san, tí títà wá tú, ẹ máa dá a padà. Adájọ́ lè ní kí ẹ yọ owó àdánù yín níbẹ̀, ohun tí ẹ ná láti tọ́jú ẹ̀rọ, ohun tí ẹ pàdánù nígbà tí ẹ tún un tà ní ẹ̀dínwó. Ṣùgbọ́n irú àsansílẹ̀ mìíràn wà tí àwọn Faransé ń pè ní arrhes, tí abala 1590 sọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá jọ gbà pé irú rẹ̀ ni, olùrà tó bá yí ọkàn padà pàdánù rẹ̀, olùtà tó bá yí ọkàn padà náà máa dá a padà ní ìlọ́po méjì. Ìlọ́po méjì o! Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé, ẹ rò ó dáadáa, torí ojú méjì ló ní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò pẹ̀lú oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ yín, òfin OHADA tí orílẹ̀-èdè 17 jọ ń lò ni ẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n tún ṣe ní Lomé ní oṣù Kejìlá 2010 sọ ọ́ gbangba pé iṣẹ́ méjì ni olùrà ní: kí ó san owó, kí ó sì wá gba ọjà. Àìwá gba ọjà fúnra rẹ̀ jẹ́ àìpa àdéhùn mọ́, kódà bí owó ti pé.

Níbòmíràn ńkọ́? Ní Nàìjíríà, òfin tí wọ́n ń lò jáde láti ara òfin títà ọjà ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti 1893. Ó ní tí olùtà bá ti ṣe tán, tó sì ti pe olùrà pé kó wá gba ọjà rẹ̀, tí kò wá ní ìwọ̀n àkókò tó bójú mu, olùrà máa san owó ìtọ́jú àti owó àdánù. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, láti 1977, òfin kan wà fún ẹni tí ẹrù ẹlòmíràn wà lọ́rùn rẹ̀ tí wọn ò wá gbé: ó máa fi ìwé ránṣẹ́ sí olóhun, lẹ́yìn náà ó lè tà á, ó sì máa tọ́jú owó tó kù lẹ́yìn ìnáwó fún olóhun. Ẹ rí i pé níbi gbogbo, pípè ló ṣe pàtàkì. Kí ẹ pè é, kí ẹ sì ní ẹ̀rí pé ẹ pè é.

Tí ẹ̀rọ bá ti wà lọ́rùn yín báyìí, tí kò sí ọjọ́ tí ẹ dá, báwo ni ẹ ṣe máa ṣe é?

Ẹ kọ́kọ́ wá a. Ẹ pe fóònù rẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ má sì pa á rẹ́ lórí fóònù. Ẹ wá ẹbí rẹ̀, ẹ wá ẹni tó mú un wá sọ́dọ̀ yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ lẹ́tà. Kó ní ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, ohun tí ó rà, iye tó san, iye tó kù, àti ọjọ́ tí ẹ fún un láti wá. Ẹ lè fi í ránṣẹ́ ní póòsìtì pẹ̀lú ìwé tó ń fi hàn pé ó gbà á. Tó bá jẹ́ ará abúlé tó sún mọ́ wa, ẹ mú olórí abúlé tàbí àgbà méjì lọ, kí wọ́n rí i nígbà tí ẹ fi lé e lọ́wọ́, kí àwọn náà sì kọ orúkọ wọn sẹ́yìn ẹ̀dà tí ẹ mú bọ̀.

Tí ìyẹn kò bá mú un wá, òṣìṣẹ́ òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní huissier. Òun ló máa ń gbé ìwé ìkìlọ̀ tí ilé ẹjọ́ gbà gbọ́ lọ fún ènìyàn. Abala 1264 nínú ìwé òfin yẹn bá ọ̀rọ̀ wa mu gan-an: ó ní tí ohun tí wọ́n rà bá jẹ́ èyí tí olùrà gbọ́dọ̀ wá gbà níbi tó wà, kí wọ́n fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ pè é kó wá gbé e. Tí kò bá gbé e, tí ẹ sì nílò ilẹ̀ tó dúró sí, ẹ lè gba àṣẹ lọ́dọ̀ ilé ẹjọ́ láti gbé e lọ síbòmíràn. Ilé ẹjọ́ wà ní Pobè níbẹ̀, kò dìgbà tí ẹ bá dé Àjàṣẹ́. Huissier ń gba owó, mi ò ní tàn yín. Fún ẹ̀rọ kékeré tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ìlàjà níwájú àwọn àgbà ló máa dára jù, tí wọ́n bá sáà kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí sílẹ̀. Fún ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ wọ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún lọ́nà púpọ̀, owó huissier kéré sí ìjà tí ó máa dì.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe nìyí: ẹ má tú ohunkóhun lára ẹ̀rọ náà. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni. Ẹ má lò ó “fún ọ̀sẹ̀ kan péré.”

Ní báyìí, apá ìlera. Ẹ lè máa rò ó pé kí ni ìlera ń wá níbi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ lọ wo abẹ́ ẹ̀rọ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí a mọ̀ sí Lister, tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe ní Dursley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ará Rajkot ní Íńdíà ń ṣe irú rẹ̀, omi ló ń tù wọ́n lára, ọ̀pọ̀ sì ní àgbá omi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí omi bá dúró sínú àgbá yẹn, ẹ̀fọn máa yé ẹyin sí i. Láti ẹyin di ẹ̀fọn tó ń fò, kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Ẹ̀ ń ra àpò ẹ̀fọn, ẹ sì ń sin ẹ̀fọn lẹ́yìnkùlé. Ẹ da omi náà nù, ẹ dojú àgbá dé.

Koríko tó bo ẹ̀rọ, ejò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ máa ro ó. Bátìrì tó bá wà lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ fi orúkọ olóhun sí i lára, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Òjé wà nínú bátìrì, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ásíìdì inú rẹ̀ a máa jó ara. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ẹ̀rọ ṣeré. Eyín ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ kò mọ̀ pé kò sí ẹ́ńjìnnì lára òun, tí ọmọ kan bá yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí ọmọ kejì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìka ti lọ. Tí irin bá gún ènìyàn, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ojú egbò, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n wò bóyá ó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ tetanọ́ọ̀sì. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ìpẹtà ló ń fà á. Kì í ṣe ìpẹtà. Kòkòrò kan tó wà nínú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ló ń gba ojú egbò wọlé, tí àgbọ̀n ènìyàn á fi le gbagidi.

Títọ́jú ẹ̀rọ náà kò le. Ẹ gbé e lé orí igi tàbí búlọ́ọ̀kù kí ilẹ̀ tútù má bàa jẹ ẹ́. Ẹ fi ọ̀rá tó nípọn bò ó, ṣùgbọ́n ẹ má dì í pinpin, kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹ di ẹnu páìpù tí èéfín ń gbà jáde kí òjò má bàa wọnú ẹ́ńjìnnì. Ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ gbé e kọ́ sínú ilé. Ẹ fi gírísì kun ibi tó ń yí. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ẹ́ńjìnnì díẹ̀, kó má bàa gan. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ parí rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé tí ẹ̀rọ tí ẹ ti tà bá bàjẹ́ láìjẹ́ ẹ̀bi yín, ó ṣeé ṣe kí àdánù náà jẹ́ ti ẹni tó rà á. Tó bá jẹ́ pé ẹ fi í sínú òjò ni, ẹ̀bi ti di tiyín.

Ẹ jẹ́ kí n yí ojú sí ẹ̀yin olùrà pẹ̀lú, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò wá ló jẹ́ ọ̀lẹ tàbí ọ̀dàlẹ̀. Nígbà tí náírà jábọ́ ní oṣù Kẹfà 2023, tí dọ́là kan tó wà ní bíi 460 náírà ń lé ní 750, tó sì kọjá 1.500 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ẹni tó ti san ìdajì owó ẹ̀rọ ní sẹ́fà rí i pé ìdajì tó kù ti pọ̀ ju gbogbo ohun tó rò lọ. Níhìn-ín náà, mo mọ ẹgbẹ́ obìnrin kan tó ra ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ àlòkù, wọ́n san owó rẹ̀ tán, ó sì lo oṣù márùn-ún lọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Kí ló fà á? Wọn ò tíì rẹ́ni tó máa fún wọn nílẹ̀ tí wọ́n máa gbé e sí. Ọkọ ẹni tí wọ́n rò pé ó máa fún wọn nílẹ̀ yí ọ̀rọ̀ padà. Ojú ń tì wọ́n láti sọ fún olùtà, wọ́n bá dákẹ́. Olùtà sì rò pé ẹgàn ni. Nígbà tí ìyá ààrẹ ẹgbẹ́ fi pe olùtà, gbólóhùn rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ilẹ̀ la ò tíì rí. Ẹ fún wa di ìparí oṣù.” Ó ní kò burú, kí wọ́n máa san owó ibùsùn ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀. Ó parí síbẹ̀.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà, mo ní káfíńtà kan bá mi ṣe pátákó ìkọ̀wé, mo san ìdajì, mo sì gbàgbé ẹ̀ fún odidi sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan. Nígbà tí mo débẹ̀, adìyẹ ti ń sùn lórí rẹ̀. Mo san owó adìyẹ mọ́ ọn.

Ó yá, akọ̀wé, bírò dà? Mo máa kà á díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ, kí ẹ wá fi orúkọ gidi rọ́pò Lágbájá àti Tàmẹ̀dù.

“Lónìí, ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí, ọdún báyìí, èmi Lágbájá, ará ibi báyìí, ta ẹ̀rọ báyìí, tó ní àwọ̀ báyìí àti nọ́ńbà báyìí lára, fún Tàmẹ̀dù, ará ibi báyìí, ní iye owó báyìí. Ó ti san báyìí lónìí. Ó ku báyìí, tó máa san lọ́jọ́ tó bá wá gbé e. Yóò wá gbé e kó tó di ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí, ọdún báyìí. Òun ló máa san owó mọ́tò. Tí ọjọ́ náà bá kọjá, yóò máa san owó ìtọ́jú tó jẹ́ báyìí lójúmọ́. Tó bá tún kọjá ọgbọ̀n ọjọ́, Lágbájá lè tà á fún ẹlòmíràn, yóò yọ owó ìtọ́jú àti ohun tó bá pàdánù, yóò sì dá ìyókù owó tí Tàmẹ̀dù ti san padà fún un. Tí Tàmẹ̀dù kò bá lè wá fúnra rẹ̀, ẹni tó lè rán ni ẹni báyìí, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ nìyí.”

Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó tẹ̀ka. Ẹlẹ́rìí méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ olùtà, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ olùrà. Ẹ̀dà méjì, kí kálukú mú tirẹ̀ lọ. Nọ́ńbà fóònù méjì fún kálukú, kì í ṣe ẹyọ kan, kí ọ̀kan sì jẹ́ ti ẹbí. Tí olùrà bá ti òdìkejì ibodè wá, ẹ ní kó fi nọ́ńbà ẹnìkan tó ń gbé lọ́dọ̀ wa níhìn-ín sílẹ̀. Kí ẹ sì ka ìwé náà sókè ní èdè tí àwọn méjèèjì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka.

Ẹni tí kò bá kọ ọ́ tán, a máa tún un kà lọ́la lẹ́yìn ìròyìn iye owó ọjà. Ẹgbẹ́ tó bá ní ẹ̀rọ tí wọn ò wá gbé lọ́wọ́ báyìí, ẹ kọ ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa láìdárúkọ ẹni tó rà á, a máa bá yín wò ó.

Bàbá wẹ́dà ní kí n kí yín. Mo kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti fi èyí tó ṣẹ́kù nínú irin ẹ̀rọ yẹn ṣe gbọ̀ngàn omi méjì, ó ti tà wọ́n. Wọ́n wà lẹ́bàá títì pẹ̀lú bébà tí wọ́n fi ọ̀rá wé mọ́ ọn lára, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti kà á: ọjọ́ Sátidé ni àwọn tó rà á máa wá.